Bẹ́ǹdì wa mọṣẹ́, àmọ́ orin wa kì í wọ èèyàn lára. Kí ló kù?

OlóríBẹ́ǹdì, Aṣẹ́rọ̀

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lágbo ni mo ní ìbéèrè fún.

Èmi ni mò ń darí bẹ́ǹdì kékeré kan níbí ní Aṣẹ́rọ̀. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, ilé ṣíṣí, gbogbo ẹ̀ là ń bá wọn ṣe. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi mọṣẹ́. Oníkíbọ́ọ̀dù wa ń ka orin lórí ìwé láì kọsẹ̀. Kò sí ohùn tí onígìtá wa ò lè wá rí. Ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù kì í sá síwájú, kì í fà sẹ́yìn.

Àmọ́ tá a bá dé òde, àwọn èèyàn á jókòó, wọ́n á máa jẹun wọn, wọ́n á máa tẹ fóònù. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú sí wa, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà níbẹ̀ ni. Kí àwọn bàbá onísákárà kan wá gba agbo lẹ́yìn wa, àwọn tí gòjé wọn ò bá kíbọ́ọ̀dù wa mu rárá, tí ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ ní eyín iwájú mọ́, orin àkọ́kọ́ ò ní tíì débì kan tí ìyá ìyàwó á ti dìde. Mi ò jowú o. Irọ́ ni, mo jowú.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n ní tá ò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, torí mi ò lè fi ìyẹn ṣe ìgbáradì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ sọ nǹkan tí èèyàn lè ṣe.


ỌmọÀyàn, Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Tí wọ́n bá pè mí sí òde, n kì í gbé ìlù kọ́ apá kí n tó mọ ẹni tó ni òde. Ta ló bí i, ọmọ ibo ni, ta ló kú nílé wọn láìpẹ́ yìí, ta ni kò yẹ kó jókòó nítòsí ta. Ní Abẹ́òkúta yìí, ẹnì kan á jẹ́ Ẹ̀gbá Aké, òmíràn Òkè-Ọnà, òmíràn Gbágùrá, òmíràn Òwu. Ẹ má wá lu oríkì Òwu sétí ọmọ Gbágùrá kí ẹ sì máa retí pé kó jó. Á wò yín, á mu ọtí ẹ̀. Àmọ́ tí ìyáàlù bá fi oríkì orílẹ̀ ẹ̀ kí i, tó mẹ́nu ba bàbá bàbá ẹ̀, ẹ máa rí i tí orí á kọ́kọ́ yí, tí ejìká á tẹ̀ lé e. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Wọ́n pè é ni, ó sì jẹ́.

Ọwọ́ ìlù ò ṣòro kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré nílé wa á ti mọ gúdúgúdú lù. Mímọ èèyàn ló ń gba ọjọ́. Torí náà, kí ẹ tó lọ sí òde tó ń bọ̀ yìí, ẹ pe ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè, kì í ṣe nípa owó nìkan.

Nǹkan mìíràn. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ káàkiri. Kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú, kálukú wọn di ibì kan mú, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń lu gúdúgúdú lè máa lu ohun kan náà láti ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá títí wọ́n á fi kó abọ́ lọ, kò sì ní rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo ti rí bẹ́ǹdì yín rí, lóde kan ní Ọbàntókó. Ẹ má bínú sí mi: ìyáàlù ni gbogbo yín.


GìtáPànṣẹ́kẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, mo gbà á. Ó sì dùn mí.

Àmọ́ ó ti sú mi kí àwọn èèyàn máa ṣe bíi pé ẹni tó bá mọ orin jù kì í lè mú un dùn. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bí Fẹlá, ní 1938. Ní 1958 ó lọ sí Trinity College of Music ní London, ó sì kọ́ orin bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ta ló máa sọ pé ìwé ba orin Fẹlá jẹ́? Tony Allen tó ń lu ìlù fún un, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, kálukú ń ṣe tiẹ̀, ó sì ń dún bí ẹni pé wàhálà kankan ò sí. Ìmọ̀ọ́ṣe nìyẹn o! Ìmọ̀ọ́ṣe tó jinlẹ̀ débi pé ẹ ò rí i mọ́.

Ẹ wá wo àwọn bàbá onísákárà tí ọ̀gá ń sọ. Gòjé, okùn kan ṣoṣo ló ní, irun ẹṣin, kò sí àmì kankan lára ọrùn ẹ̀ tó máa sọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà. Kí oníkíbọ́ọ̀dù yín gbé e wò. Bóyá ohun tí ẹ ń pè ní "kò bá ohùn mu" yẹn, kíbọ́ọ̀dù yín ni kò bá a mu. Ohùn tí wọ́n ń lò wà kí kíbọ́ọ̀dù tó dé ilẹ̀ yìí, ó sì ní òfin tiẹ̀. Nítorí náà mi ò gbà pé àwa ló ní ìmọ̀ọ́ṣe tí àwọn ní ọkàn. Ìmọ̀ọ́ṣe ni wọ́n ní, tiwọn ló bá ibẹ̀ mu.


ỌmọÀyàn, Ìbarà

Àbúrò, o sọ̀rọ̀. Mi ò jiyàn lórí gòjé yẹn rárá.


OwóNiKókó

Ẹ̀ ń ṣe wàhálà lásán. Ẹ kọrin kí olówó, ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa dìde.


ỌmọÀyàn, Ìbarà

Olówó kan ló máa dìde. Àwọn tó kù ńkọ́?


AdaríAkọrin, Aké

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnu akọrin ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀pọ̀ bẹ́ǹdì ti ń pàdánù àwọn èèyàn láì fura.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì wọ Abẹ́òkúta, láàárín 1843 sí 1846, orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń túmọ̀ sí Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sílẹ̀, orin á gòkè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, orin á já wálẹ̀. Ìjọ á fi gbogbo ara kọ ọ́, ẹni tí kò bá mú ìwé orin dání ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá tí àbúrò ń sọ yẹn, wà lára àwọn tó yí i padà. Ó ń ṣe orin ìsìn tí ohùn ẹ̀ ń tẹ̀ lé bí Yorùbá ṣe ń jáde lẹ́nu. Ní 1922 ó kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí àwo ní London. Àwo àtijọ́ ni, ó ń ha, dùrù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò sì ju kó máa tẹ̀ lé e lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ò ní bọ́ sílẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe orin tuntun lónìí ti tún padà sí ibi tí àwọn míṣọ́nnárì wà. Orí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń wá ohùn tó rẹwà, wọ́n á wá ti ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ẹ̀ tipátipá. Ẹni tó jókòó lórí àga á gbọ́ ohùn tó dáa, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Fóònù ló máa gbé.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ẹ wá ẹni tí kò gbọ́ orin yín rí, kí ẹ kọ ọ́ fún un láìsí ohun èlò kankan. Kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ibi tó bá ti ṣìnà, ohùn ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, wọn kì í tan èèyàn.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń gbé orin ga tó. Àwọn olórin wa fẹ́ràn kí wọ́n gbé e síbi tí ohùn tiwọn á ti tàn. Ó dáa fún wọn. Àwọn ìyá tó jókòó síbẹ̀ ò lè bá wọn gbè é níbi gíga yẹn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ lé e, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní gbè é.


ẸnjiníàOhùn, Kútọ̀

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí dáa, àmọ́ kí ẹ tó yẹ ọkàn yín wò, ẹ yẹ sípíkà yín wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohùn ṣe fún àwọn olórin ní òde. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé orin ò wọlé, orin ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ni. Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá ń jà sí ibi tí ohùn èèyàn wà gan-an, akọrin á wá máa pariwo kó lè borí wọn. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Adarí ń sọ pé káwọn èèyàn gbọ́, sípíkà ti jẹ ẹ́. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi táìlì ṣe látòkè délẹ̀ tún máa ń dá ohùn padà, ẹ̀yin ẹ tún wá fi gbohùngbohùn kún un lórí míkísà. Ariwo ló kù.

Ohùn àti ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Kí wọ́n dá wà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa gbé àwọn yòókù sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Ibẹ̀ ti tó. Kí ẹnì kan nínú yín lọ jókòó sórí tábìlì tó wà lẹ́yìn pátápátá kí àwọn àlejò tó dé. Tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kò pọn dandan kó pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wá síbẹ̀ kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀. Orin tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn, ọ̀tá wọn ni.


AlágaÌdúró, Adátán

Ẹ ṣeun o, Ẹnjiníà. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ara ògiri gbogbo gbọ̀ngàn ní Ògùn.

Èmi ni mo máa ń mú makirofóònù dání lágbo, torí náà ojú àwọn èèyàn ni mò ń wò nígbà tí ẹ̀yin olórin ń wo ohun èlò yín. Òkodoro ọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ kì í wo èèyàn. Nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa jó, ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń fi orin yín tó dáa jù ṣòfò sí. Ẹ ta gìtá jẹ́jẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí ìyá ìyàwó bá ti tún gèlè ẹ̀ wé, tó ti ń wo ọ̀tún wo òsì, ìgbà yẹn ni. Á jó fún ẹnikẹ́ni. Bóyá àwọn bàbá onísákárà yín kàn mọ ìgbà yẹn jù yín lọ ni.

Tí ẹnì kan bá jáde wá náwó, orin ò gbọdọ̀ tán. Mo rí bẹ́ǹdì kan tó parí orin mọ́ bàbá kan lójú, owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ká ọwọ́ sókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ibi tó parí sí nìyẹn. Níbo? Wọ́n ní bí àwọn ṣe ṣe é nígbà ìgbáradì nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa fa orin gùn, kí ẹ sì kọ́ bí ẹ ṣe máa gé e láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ gé e.

Ẹ má ṣi orúkọ èèyàn pè o.


ỌmọẸ̀gbá, Manchester

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ yìí rú díẹ̀.

Nígbà tí mo wà nílé, n kì í gbọ́ sákárà. Orin bàbá mi ni, a máa ń sá fún un. Ní báyìí, tí mo bá ń se ọbẹ̀ lálẹ́ níbí, tí Yusuf Ọlátúnjí bá wọlé látinú fóònù, ẹ ò ní fẹ́ rí ojú mi. Láti 1978 ni bàbá yẹn ti kú. Ohùn ẹ̀ ò yí padà láti ìgbà tí mo ti ń sá fún un. Èmi ni mo yí padà.

Nítorí náà, ọ̀gá, ìdajì ohun tí àwọn bàbá onísákárà yẹn ní, kì í ṣe àwọn ló gbé e wá sóde. Àwọn tó jókòó ló gbé e wá. Ìyá ìyàwó tó dìde yẹn, bóyá òkú ìyá ẹ̀ ló ń bá jó, bóyá ọjọ́ ìgbéyàwó tiẹ̀ ni. Gòjé yẹn kàn ṣí ilẹ̀kùn ni. Ẹ̀yin ò lè fi ìgbáradì wá ìyẹn rí, torí kò sí lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ mọ orin tí àwọn tó pè yín ń gbọ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún. Kí ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà pẹ̀lú ọgbọ́n yín. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà.


GìtáPànṣẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin ló dùn ni àbí àárò ilé ló ń ṣe yín?


ỌmọẸ̀gbá, Manchester

Èmi náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, àbúrò. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.


ÌyáẸlẹ́gbè, Ìtòkò

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní Manchester, òótọ́ lo sọ, àmọ́ kò tó. Wọ́n ní ìrántí ló ń mú orin àtijọ́ dùn. Àwa tá a wà ní Ìtòkò nígbà tí Àyìnlá Ọmọwúrà ṣì ń bẹ láyé, tí àwo ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrántí wo ló wà lára wọn nígbà náà? Tuntun ni wọ́n. A sì jó! Àpàlà náà ti wà tipẹ́, Hárúnà Ìṣọ̀lá ti ń kọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí Àyìnlá tó dé, kì í ṣe pé ohun tí etí ò gbọ́ rí ni. Ohùn Àyìnlá gan-an, ẹ lọ gbọ́ ọ, kì í ṣe ohùn tó ń yọ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbẹ, ó le, ó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà.

Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa ló ń kọ. Owó tuntun dé, ó kọ ọ́. Ìkànìyàn dé, ó kọ ọ́. Ẹni tó bá ń gbéra ga, ó ń bọ̀ wá bá a. Èèyàn á gbọ́ ọ, á ní, "Hẹn, ìyẹn ni mo sọ fún ọkọ mi láàárọ̀." Nígbà tó kú ní 1980, ọmọ àádọ́ta ọdún ni ò tíì pé, ìlú yìí dàrú.

Ẹ̀yin, kí lẹ ń kọ? Ìfẹ́, ìfẹ́, ìfẹ́. Ìyàwó dára, ọkọ dára. Ta ni ò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ pé owó epo bẹntiróòlù gbowó lórí tí àwọn àlejò fi pẹ́ dé. Ẹ kọ ọ́ pé ìyá ìyàwó lọ sí Ìtòkú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rí àdìrẹ tó wù ú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín ti wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ègbè tún wà. Mo ti gbe orin fún oríṣiríṣi èèyàn, wákà la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́gbè gbọ́dọ̀ dáhùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kí ẹ̀ẹ̀kẹwàá má dà bí ẹ̀ẹ̀kẹwàá. Ẹlẹ́gbè yín ọjọ́ sí, mo rí wọn, ọ̀kan ń wo èékánná ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí àwọn tó jókòó ṣe?


OlóríBẹ́ǹdì, Aṣẹ́rọ̀

Màámi, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó ń wo èékánná yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyàwó mi ni, ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn.

Mo ti kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ sílẹ̀. Ìbéèrè mi tó kù ni ti "gbogbo yín ni ìyáàlù" yẹn. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dín in kù. Wọ́n á dín in kù fún orin kan, nígbà tó bá di orin kejì kálukú ti padà sí àṣà ẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pé kó má ṣe é?


GìtáPànṣẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n Manchester lóhùn. Fẹlá kì í kọ orin tó bá ti gbé sórí àwo lágbo mọ́. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kó lè gbọ́ orin tó ti mọ̀ á padà sílé lófo. Àwọn èèyàn ṣì ń kún ibẹ̀. Torí náà ìrántí nìkan kọ́ o.

Ọ̀gá, ní ti ìbéèrè yín: ohun tó ran èmi lọ́wọ́ ni pé mo ń fi ẹnu kọ ohun tí mò ń ta lórí gìtá, nígbà tí mò ń ta á lọ́wọ́. Ẹnu máa ń mí. Ìka kì í mí, ó lè máa sáré títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tí ẹnu mi ò bá lè gbé, mo máa ń jù ú nù. Èyí tó kù kì í pọ̀, àmọ́ òun làwọn èèyàn máa ń kọ délé. Ẹ ní kí onígìtá yín gbìyànjú ẹ̀. Á kọ́kọ́ bínú.


ỌmọÀyàn, Ìbarà

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kó gbogbo ohun èlò tó ń lo iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ìlù kan, ẹnu. Kónkóló ni kí ẹ lù. Kón kón kóló, kón kóló. Agogo máa ń dún lẹ́ẹ̀ 7 nínú ìṣísẹ̀ 12, á sì tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdúró tó wà láàárín wọn ò dọ́gba, ibẹ̀ ni ijó wà. Ẹni tó ń jó kì í gbé ẹsẹ̀ lé gbogbo ibi tí agogo ti dún. Ó ń gbé e sí ibòmíràn, àwọn méjèèjì á wá jọ ṣe é. Tí ẹ bá fi ohùn dí gbogbo àlàfo yẹn, níbo lẹ fẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ sí?

Kí kálukú lu agogo náà fúngbà pípẹ́, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá fi nǹkan kún un, kó jókòó. Á kọ́kọ́ rọrùn, lẹ́yìn náà á sú wọn gan-an. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tó bá sú wọn. Ó máa ń kọjá níbẹ̀, tí èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹlòmíràn dípò ara ẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn lórí fóònù. Mo lè wá, tí ẹ bá gbà. Owó ọkọ̀ láti Ìbarà wà lọ́rùn yín.


ẸnjiníàOhùn, Kútọ̀

Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti ìta yàrá, kì í ṣe láti àárín yín.


OlóríBẹ́ǹdì, Aṣẹ́rọ̀

Bàbá, ẹ máa bọ̀. Owó ọkọ̀ wà, oúnjẹ náà wà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oníkíbọ́ọ̀dù wa ni mò ń bẹ̀rù, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ká kó kíbọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ kan.


Ọwọ́LóríKíbọ́ọ̀dù, Aṣẹ́rọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ mi o. Èmi gan-an ni oníkíbọ́ọ̀dù náà. Láti àná ni mo ti ń ka gbogbo ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Àwọn tó ń san owó fún wa ló máa ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́. Tí kíbọ́ọ̀dù bá dákẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹnì kan á ti sáré wá, á ní, "Ṣé iná ti lọ ni?" Bó ṣe di pé mò ń dí gbogbo àlàfo nìyẹn. Torí náà tí a bá fẹ́ dín in kù, kí ọ̀gá wa bá àwọn oníbàárà sọ ọ́ kí a tó gba iṣẹ́ wọn, kí wọ́n má bàa rò pé a rẹ́ wọn jẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo ni kí ẹ fún mi. Ọ̀gá, ṣé ẹ máa sọ ti èékánná yẹn fún ìyàwó yín, àbí kí n bá yín sọ ọ́?